Iná, Pupa àti Àṣẹ: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Ojú Irin tí Wọ́n bá Fẹ́ Sọ Di Ọ̀tun

Ní ọdún 1901 ni ojú irin tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ láti Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn. Nígbà tí yóò fi di 1907, ó ti gba Olódò àti Lálúpọn kọjá, ó ti dé Òṣogbo. Ojú irin tóóró ni, mìlímítà 1,067 ni àlàfo tí ó wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì, òun ni ó sì ń kó ẹrù oko lọ sí èbúté fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ṣí òmíràn láti Èkó, tí ó gùn tó kìlómítà 157, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,435. Mọ́níyà ní Akínyẹlé ni wọ́n gbé ibùdókọ̀ rẹ̀ ti Ìbàdàn sí. Epo dísẹ́ẹ̀lì ni ọkọ̀ orí èyí pẹ̀lú ń lò.

Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan sísọ ojú irin àtijọ́ di ọ̀tun, ohun méjì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: wáyà tí wọ́n ta sókè kí ọkọ̀ lè máa fa agbára láti inú rẹ̀, àti àmì tí ń sọ fún awakọ̀ bóyá ọ̀nà là. Ethiopia àti Djibouti ti ṣe é, Tanzania náà sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní 2024. Bí ó bá kan Olódò àti Lálúpọn lọ́jọ́ kan, owó ni yóò ra irin àti wáyà. Ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi kìlọ̀ fún ará abúlé kò sí lọ́jà. Àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè ni yóò pèsè rẹ̀, ohun tí ó sì ṣòro níbẹ̀ ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an ni ó lè pa ènìyàn.

Iná ni àkọ́kọ́. Iná ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀, iná ni ìmọ́lẹ̀ àtùpà, iná náà ni ohun tí ń gba inú wáyà. Nínú ilé, ìdàpọ̀ yìí kò ní wàhálà púpọ̀. Bí gílóòbù kò bá tàn, wọn a ní 'iná ti lọ', ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ 'Ẹ ṣọ́ra, iná ń bẹ' sára òpó ojú irin, kí ni àgbẹ̀ tí ó ń ti oko bọ̀ yóò wò? Yóò wò bóyá gílóòbù kan ń tàn níbẹ̀, tàbí kí ó máa wá èéfín. Bí kò bá rí ọ̀kankan, yóò kọjá pẹ̀lú ọparun gígùn tí ó gbé lé èjìká.

Agbára tí ó wà nínú wáyà orí ojú irin òde òní ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ jẹ́ fóòtì 25,000, nígbà tí èyí tí ń wọ ilé ní Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi 230. Fóòtì 25,000 kì í dúró de ìfọwọ́kàn. Ó lè fò la afẹ́fẹ́ kọjá bá ohun tí ó bá sún mọ́ ọn jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ òṣìṣẹ́ ojú irin ní Britain pé kí ara rẹ̀ àti irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí wáyà náà tó mítà 2.75. Ọ̀pá tí àgbẹ̀ fi ń já kòkó lè gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ ti wà nínú èdè. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pe ohun yìí ní iná mànàmáná rí ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu àwọn ènìyàn ni ó gé e kúrú, tí ó sì gé e níbi tí kò yẹ: wọ́n ju mànàmáná nù, wọ́n mú iná dání. Kí wọ́n yí i padà. Kí iná jẹ́ ti àtùpà, kí mànàmáná jẹ́ ti wáyà. Ọmọ kékeré mọ̀ pé mànàmáná kì í dúró kí ènìyàn fọwọ́ kan òun. Olùkọ́ físíìsì kan lè ṣàtakò pé ohun tí ń kọ lójú ọ̀run ni orúkọ náà wà fún, ṣùgbọ́n olùkọ́ yìí kan náà ni ó mọ̀ jù pé ohun kan ni àwọn méjèèjì. Ní ti 'haitẹ́ńṣàn' tí ó wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ iná, ó wúlò fún oníṣẹ́. Kò sọ fún ẹlòmíràn ìdí tí ó fi yẹ kí ó jìnnà. Òkè nìkan kọ́ ni ewu sì wà. Ní ìlà aláwọ̀ búlúù ti Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023, irin kẹta tí ó wà nílẹ̀ ni mànàmáná ń gbà.

Pupa ni èkejì, ó sì le ju iná lọ. Àwọ̀ mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ nínú èdè Yorùbá: funfun, dúdú, pupa. Epo pupa, ilẹ̀ pupa, pupa ẹyin: lójú ẹni tí ń ta aṣọ, àwọ̀ wọn kò dọ́gba, síbẹ̀ orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́. Àmì ojú irin, ẹ̀wẹ̀, ní àwọ̀ mẹ́ta. Èyí tí ó rí bí ẹ̀jẹ̀ ní kí awakọ̀ dúró. Èyí tí ó rí bí pupa ẹyin ní kí ó máa bọ̀, kí ó múra láti dúró níbi àmì tí ó kàn. Èyí tí ó rí bí ewé ní ọ̀nà là. Méjì nínú wọn ni àgbàlagbà Lágelú lè pè ní iná pupa láìṣe àṣìṣe kankan nínú èdè rẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan ń lo 'àwọ̀ ìyeyè', àwọn mìíràn ń lo 'yẹ́lò'. Ìyeyè dára nínú ìwé àwòrán, ṣùgbọ́n kò yanjú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọ̀ náà kọ́ ni ẹ̀kọ́. Àwọ̀ lè yí padà. Ní Britain ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, funfun ni ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà là, títí wọ́n fi rí i pé bí gíláàsì pupa bá fọ́, ìmọ́lẹ̀ funfun ni awakọ̀ yóò rí, yóò sì máa lọ. Àṣẹ tí àmì ń pa ni kí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Dúró, Múra-dúró, Máa-lọ.

Ẹ̀kẹrin ń bẹ tí àwọn ìwé sábà máa ń gbàgbé, èyíinì ni àmì tí kò tàn rárá. Ní oríta ìgboro, bí iná tí ń darí ọkọ̀ bá kú, oníkálukú a máa wá ọ̀nà gbà. Lójú irin, Dúró ni àmì tí kò tàn túmọ̀ sí. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ̀nba mànàmáná díẹ̀ ni wọ́n ń rán gba inú irin méjèèjì ní abala kan. Bí ọkọ̀ bá wọ abala náà, ẹsẹ̀ irin rẹ̀ yóò so irin kan pọ̀ mọ́ èkejì, mànàmáná yóò gba ibẹ̀ padà, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ń dúró dè é. Àmì yóò di Dúró. Bí wáyà ẹ̀rọ náà bá já tàbí tí agbára bá tán, àbájáde kan náà ni. Atúmọ̀ èdè tí ó bá kọ 'àmì ti kú' ti ba iṣẹ́ yìí jẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ń gbọ́ràn sí òkú lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ 'àmì' gan-an kò tó. Àmì ohùn, àmì àìsàn, àmì ìdánwò: ohun tí ń fi nǹkan hàn ni gbogbo wọn. Ti ojú irin kì í fi nǹkan hàn lásán, ó ń fúnni láyè tàbí kí ó dínà. Àmì àṣẹ ni ó yẹ kí wọ́n máa pè é. Lórí ojú irin kan ṣoṣo tí ọkọ̀ ń gbà lọ tí òmíràn ń gbà bọ̀, ọgbọ́n àtijọ́ tí ó ti Britain wá ni pé kí awakọ̀ gba ọ̀pá tàbí àwo irin kan lọ́wọ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ kí ó tó wọ abala. Ká ní irú ètò bẹ́ẹ̀ wà láàárín Olódò àti Lálúpọn: bí ọ̀pá bá wà lọ́wọ́ ẹni tí ń ti Lálúpọn bọ̀, ẹni tí ó wà ní Olódò kò gbọdọ̀ ṣí kúrò. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá. Ìránṣẹ́ tí ó mú ọ̀pá ọba dání ń jíṣẹ́ ọba. Ẹni tí ó bá dé láìmú un dání, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni ó ń sọ. Ọ̀pá àṣẹ ni orúkọ náà, ó sì ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé.

Àwọn kan yóò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ojú irin wà, pé ta ni ó nílò èyí? Awakọ̀ lè má nílò rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ń da ẹran kọjá nílò rẹ̀, alágbàṣe tí ń ṣán koríko ẹ̀gbẹ́ irin nílò rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì níbi tí títì ti dábùú ojú irin nílò rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, ọdún 2023, bọ́ọ̀sì tí ó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti ọkọ̀ ojú irin forí gbárí ní PWD l'Ékòó, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé ọmọ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì yanjú ní Yorùbá. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ohun èlò iṣẹ́. Ojú irin kò tíì rí tirẹ̀ gbà.

Bí wọ́n bá ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má tíì tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n tó kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ irin ní Olódò, Lálúpọn àti Mọ́níyà. Kí wọ́n má bi wọ́n pé kí ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Kí wọ́n bi wọ́n pé kí ni wọn yóò ṣe bí wọ́n bá rí i lára òpó, kí wọ́n sì yọ èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá léwu kúrò nínú ìwé.