Ẹ Fi Orúkọ Ìlú Wa Dán Ètò Náà Wò

Àwọn àgbà wa ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, yóò ṣoni. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mu. Agbára káká ni a fi lè rí ẹni tó dá gbogbo ètò rẹ̀ kọ lónìí. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ kóòdù tí a yá lọ́wọ́ àwọn tí a kò mọ̀ rí, èyí tí Faransé ń pè ní bibliothèque. A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí. Ohun tí a ń béèrè ni pé, ta ló wọ ṣòkòtò náà wò?

Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ Bantè, bí Faransé ti ń kọ ọ́. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Benin, tí a gbé kalẹ̀ ní 1975, ɛ ni a fi ń kọ ìró tí àwọn ará Nàìjíríà ń fi ẹ kọ, ɔ sì dúró fún ọ. Ká ní ọ̀dọ́ kan ní Savalou ń ṣe àkójọ orúkọ àwọn ìlú àti abúlé wa. Ó fẹ́ kí ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní àmì ohùn lè wá orúkọ rí, ó wá yá kóòdù tó ń bọ́ àmì kúrò lórí lẹ́tà. Irú kóòdù bẹ́ẹ̀ wà tó máa ń da àmì nù, tí yóò sì tún da ohunkóhun tí kò sí nínú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nù. Bantè yóò di Bante. Bantẹ̀ náà yóò di Bante. Ṣùgbọ́n ɛ kì í ṣe e tí a fi àmì sí. Lẹ́tà tó dá dúró ni. Nítorí náà Bantɛ̀ yóò di Bant, Ifɛ̀, tí a ń sọ ní agbègbè Savalou, yóò sì di If. Kò ní sí ìkìlọ̀ kankan.

Nígbà àyẹ̀wò, ọ̀pọ̀ a máa fi aṣojú kékeré kan rọ́pò kóòdù àyálò, kí iṣẹ́ lè yá, pàápàá níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti dúró ire. Ó dára fún yíyẹ apá tiwa wò. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi sí aṣojú lẹ́nu ni yóò sọ: bí a bá ní kí ó dáhùn «Bante», kò ní dáhùn «Bant» láé. Lójú tiwa, ogún àyẹ̀wò tó dé ọ̀dọ̀ kóòdù gidi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wa sàn ju igba tí aṣojú dáhùn lọ. Ẹ fi «ọjọ́» dán an wò: lẹ́tà 3 ni àwa kà, kọ̀ǹpútà lè ka 4 tàbí 6, gẹ́gẹ́ bí a bá ṣe tẹ̀ ẹ́.

Àyálò sì lè pòórá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2016, ẹni tó kọ left-pad, kóòdù ìlà 11 péré, yọ ọ́ kúrò ní npm, níbi tí àwọn tó ń lo JavaScript ti ń yá kóòdù. Ọ̀pọ̀ ètò káàkiri ayé dẹnu kọlẹ̀ títí a fi dá a padà. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà tí ẹ yá sílẹ̀ pàtó, ẹ tọ́jú ọ̀kan sọ́dọ̀ ara yín, ẹ má sì gba ẹ̀dà tuntun láìtún gbogbo àyẹ̀wò ṣe.

Ẹ fi ogún orúkọ bẹ̀rẹ̀: ti ìlú, ti abúlé, ti àwọn òbí yín, kí ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjèèjì, ti ẹ àti ti ɛ. Kí fáìlì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù yín.