"Máa ń" Kì Í Ṣe "Used To"

Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìdànrè bá fẹ́ sọ pé òun máa ń gun òkè ní gbogbo Sátidé, ohun tí ó sábà máa ń bọ́ sínú ìwé rẹ̀ ni "I use to climb the hill every Saturday." "Máa ń" ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, ìṣe tí kò tíì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti kọjá, tí kò sì sí mọ́, ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi "used to" sọ. Àwọn baba ńlá rẹ̀, tí wọ́n fi orí Òkè Ìdànrè sílẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ni ó tọ́ sí: wọ́n gbé ibẹ̀ rí, wọn kò gbé ibẹ̀ mọ́. "I climb" lásán ni ọmọ náà nílò, láìsí aṣèrànwọ́ kankan.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti òpè. Yorùbá ní àwọn aṣèrànwọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀: ń, ti, máa, lè, gbọ́dọ̀. Èyíkéyìí tí ó bá ṣáájú "lọ", "lọ" kì í yí padà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "go" a máa di "going" lẹ́yìn "is", a sì di "gone" lẹ́yìn "has". Ọmọ há gbogbo rẹ̀ sórí, ó fi "went" kún un, ni ó bá kọ "Did he went?" Bẹ́ẹ̀ "did" ti ru ẹrù àná, kò sí èyí tí ó kù fún ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀lé e. "Did he go?" "He can go." "He must go." Níhìn-ín, bí "lọ" ti ń ṣe gẹ́lẹ́ ni "go" ń ṣe. Ibi tí ìmọ̀ ilé ìbá ti gba ọmọ náà sílẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń pè é ní olódo.

Ta ni yóò fi èyí hàn án, bí ó bá di èèwọ̀ fún olùkọ́ láti sọ Yorùbá ní kíláàsì? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìfìdírẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB pọ̀ níbi tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù.

Ilé-Ifẹ̀ ti dáhùn ẹ̀sùn yìí tipẹ́. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ tayọ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó gbówó lórí, òun sì ni ó yẹ kí ìjọba máa wá: ẹni tí yóò kọ "ó lè lọ" sójú pátákó, tí yóò kọ "he can go" sábẹ́ rẹ̀, tí yóò sì bi ọmọ léèrè ohun tí ó rí.