Ta Ni Ó Ń Pa Ẹ̀rọ Abúlé Wa?



Ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì kan wà ní abúlé kan ní ìhà Kétu, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní kíkà àti kíkọ. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí kí ó tó tan. Ní ọ̀sán ó ń lọ àgbàdo, ní alẹ́ ó ń fún kíláàsì wa ní iná. Owó àgbàdo àti owó òwú ni àwọn ará dá jọ láti rà á. Lọ́jọ́ kan, ó kú. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Àwọn kan ní Ògún ń bínú. Nígbà tí a tú u, epo ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, ó ti ki bí ọ̀dà, àwọn irin inú rẹ̀ sì ti jẹ ara wọn tán. Kò sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí a pààrọ̀ epo náà gbẹ̀yìn. Ìgbìmọ̀ ní owó epo ti pọ̀ jù.

Kì í ṣe ayé. Kì í ṣe Ògún. Àwa la pa á.

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe ti ẹni tí kò gbọ́ Faransé. Irọ́ ni! Rudolf Diesel gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ yìí ní Jámánì ní ọdún 1893. Ní ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris ní 1900, epo ẹ̀pà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀pà, èyí tí àwọn ìyá wa ń yan tà! (Ẹ má lọ da epo ẹ̀pà sínú ẹ̀rọ abúlé o, ó ki ju èyí tí a ṣe é fún lọ.) Ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì kò ní bùjí. Ó ń fa afẹ́fẹ́, ó ń fún un pọ̀ ní ìlọ́po 15 sí 20, títí yóò fi gbóná kọjá 500 díígíríì. Nígbà náà ni ẹnu kékeré kan yóò fọ́n epo sí i, epo náà á gbiná fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ńpù máa ń gbóná. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èwo ni ti Faransé níbẹ̀?

Nítorí náà, epo tó dọ̀tí ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Nínú pọ́ńpù tí ń ti epo, irin kan wọnú èkejì, àlàfo àárín wọn sì kéré púpọ̀ ju irun orí lọ. Iyanrìn díẹ̀ tó láti bà á jẹ́, omi a sì mú un dípẹtà. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló ń sá lọ. Ẹ jẹ́ kí àgbá epo dúró di ọjọ́ kejì, ẹ fa ti òkè, ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má ra epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí mo mọ bí àpò ṣe rí. Mo ní kí ẹ sẹ́ ẹ.

Mo ní ìjà pẹ̀lú àwọn mẹkanisiẹ̀n kan pẹ̀lú. Epo tán pátápátá nínú ẹ̀rọ wa nígbà kan, a da òmíràn sí i, a yí i títí apá fi ń ro wá, kò tan. Mẹkanisiẹ̀n kan wá láti ìlú ńlá. Ó ní kí gbogbo wa jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gba owó tí ìyá kan kò lè rí ní ọjọ́ ọjà mẹ́ta. Kí ló ṣe? Afẹ́fẹ́ ló wọ ọ̀nà epo. Ẹ tú bóòtù kékeré orí asẹ́ epo díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ti epo títí ìfóòfó kò fi ní jáde mọ́, ẹ dì í padà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdí pọ́ńpù. Ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọwọ́ sí iwájú ẹnu tí ń fọ́n epo: agbára rẹ̀ ju ìlọ́po 100 ti afẹ́fẹ́ lọ, ó ń gún awọ wọlé.

Láti 1972 títí dé 1990, a pariwo ní orílẹ̀-èdè yìí pé kí a kọ́kọ́ gbára lé agbára ara wa. Ìjọba tó sọ ọ́ ti lọ. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìmọ̀ kò tíì lọ.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ó kàn yín. Bí ìwé ẹ̀rọ bá ní kí a pààrọ̀ epo lẹ́yìn wákàtí 250, tí ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí 5 lójúmọ́, ọjọ́ 50 ni. Bí ó bá ní 100, ọjọ́ 20 ni. Ta ló lè fi orí lásán mọ èyí? Ẹni tó ń sọ pé ẹ̀rọ ṣì ń dún, kí a fi í sílẹ̀, òun náà ni yóò kọ́kọ́ wá gba owó ìdájọ nígbà tí kò bá dún mọ́. Ẹ wo èéfín rẹ̀. Bí ó bá dúdú, ẹrù ti wúwo jù, tàbí eruku ọyẹ́ ti dí asẹ́ afẹ́fẹ́. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, epo ìsàlẹ̀ ló ń jó. Èéfín funfun ní àárọ̀ kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti gbóná tí kò dáwọ́ dúró, ẹ pa á kí ẹ wá ìdí rẹ̀. Ẹ má sì da omi tútù lé ẹ̀rọ gbígbóná, orí rẹ̀ á là.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ọmọ kíláàsì kan dìde kí ó béèrè pé: ìwé ẹ̀rọ dà? Bí kò bá sí, ẹ ra ìwé kan, ẹ pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin: ọjọ́, wákàtí, epo tí a dà, ohun tí a rí. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì rán an sí wa ní alẹ́. Ní abúlé tí mo sọ yìí, a ti ra ẹ̀rọ àlòkù mìíràn. Ìyá kan tó kọ orúkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní kíláàsì wa ló ń di kọ́kọ́rọ́ mú. Wọ́n ní obìnrin kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹ̀rọ. Ó ń kọ wákàtí rẹ̀ lójoojúmọ́.