ÀGÚNMU INÚ AGOLO KÌ Í ṢE Ẹ̀RỌ TÍ Ń FA ERUKU



Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé sí máníjà pé eruku ń fún wa láyà níbi tí a ti ń di fúláwà sápò, èsì kan ṣoṣo tí a rí gbà ni àgúnmu inú agolo. Fáíbà ni wọ́n pè é, ìyẹn háhá oúnjẹ tí inú kì í lè dà. Wọ́n ní ìwádìí ti fi hàn pé ó ń wo ikọ́ fée àti imú tí ń ṣomi. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ máa yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù wa!

A wádìí ọ̀rọ̀ náà wò. Lóòótọ́, ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Lausanne, ní ilẹ̀ Switzerland, fi fáíbà bọ́ èkúté. Nígbà tí àwọn èkúté náà fa ohun tí ara wọn kọ̀ símú, ẹ̀dọ̀fóróo wọn kò wú tó ti àwọn ìyókù. Àwọn kòkòrò inú ìfun ló ń jẹ fáíbà náà, tí wọ́n ń sọ ọ́ di èròjà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri ara. Iṣẹ́ gidi ni, a kò bú wọn. Ṣùgbọ́n èkúté ni! Ní 2019 wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní Australia lára ènìyàn 17 tí ó ní ikọ́ fée, fún ọjọ́ 7 péré. Ó jọ pé ara dẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ènìyàn 17 kò tó èrò bọ́ọ̀sì ńlá kan. Kì í sì í ṣe nítorí ẹni tí ń mí fúláwà láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe ìwádìí méjèèjì.

Ní 1700 ni dókítà Ramazzini ti kọ ọ́ sínú ìwé ní Ítálì pé fúláwà ń ba èémí àwọn alábúrẹ́dì jẹ́. Òfin ilé iṣẹ́ ilẹ̀ẹ wa ti 1987 sì sọ pé agbanisíṣẹ́ ni kí ó dènà eruku, kí ó fi ẹ̀rọ tí ń fà á síbi tí ó ti ń jáde, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. A ka òfin náà, a kò rí agolo níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fáíbà ni wọ́n fẹ́ kí a jẹ, ẹ̀wà, ilá àti ẹ̀fọ́ wà lọ́jà. Kí wọ́n fi kún owó oṣù.

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ń gbé àpò fúláwà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn ìfàsímú, kí ó má ṣe tìtorí agolo jù ú sílẹ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ sí ìwé ìyọwó náà. Ẹ mú un wá fún wa.