Ayálégbé ti kó lọ, okùn íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà nílé: ta ni kó tú u?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí jọ ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó ń da iṣẹ́ àti owó ènìyàn rú. Ẹnì kan gba ilé, ó san owó ilé, ó kó ẹrù wọlé. Ó lọ bá iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n wá fa íńtánẹ́ẹ̀tì sílé fún òun. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n ní: «Kò ṣeé ṣe. Íńtánẹ́ẹ̀tì ti wà ní ilé yẹn.» Ti ta ni? Ti ẹni tó ti kó lọ. Ẹni náà kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n nínú ìwé iléeṣẹ́, òun ló ṣì ni okùn.

Báwo ló ṣe kàn wá? Òótọ́ ni pé orí tẹlifóònù ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n okùn fibre ti ń wọ ilé ní àwọn ìlú ńlá wa, àwọn ọmọ wa ló sì ń gba yàrá níbẹ̀. Àwa tí à ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ń rí i: wọ́n á gbé ọ̀dọ́ lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, á gba yàrá, bẹ́ẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìwé tó yẹ kó kà ti ń wá. Tí okùn ilé bá dí, forfait ni yóò máa rà, owó oúnjẹ ló sì máa fi rà á. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Paris tàbí ní London náà ń bá irú rẹ̀ pàdé. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé wọ́n ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Lórí wáyà bàbà tí wọ́n fi ń ṣe tẹlifóònù ilé, íńtánẹ́ẹ̀tì ADSL kan ṣoṣo ló lè gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkejì kò lè wọlé àfi tí ti àkọ́kọ́ bá jáde. BT ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wáyà náà, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ń yá a lò. Tí ayálégbé bá kó lọ láì fòpin sí àdéhùn rẹ̀, àmì kan á kù lórí okùn náà nínú kọ̀ǹpútà. Àmì yẹn ló ń sọ pé «ẹnì kan ṣì wà níbí». Nígbà mìíràn, ayálégbé ti fòpin sí i, iléeṣẹ́ ni kò pa àmì rẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, gbèsè ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó kánjú láti pa ìwé náà dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú nìyí: ẹni tuntun kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbì kankan. Tó bá pe iléeṣẹ́ àná, wọ́n á ní kì í ṣe oníbàárà àwọn, àwọn kò lè bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Wọn kò sì purọ́, òfin ló ní kí wọ́n pa àṣírí oníbàárà mọ́. Tiwa náà ní Benin, Code du numérique, òfin ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá padà sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tuntun, wọ́n á ní kó lọ bá ti àná. Ẹni àná ńkọ́? Ó ti lọ, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló lè tú ìdè náà, kò sí ẹni tí ìyà ń jẹ nínú wọn. Ẹni tí ìyà ń jẹ ni kò lè tú u. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jẹ gbì ní í kú gbì. Níbí, ẹnì kan ló jẹ gbì, ẹlòmíràn ló ń kú gbì.

Kí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe? Ofcom ni ilé ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn iléeṣẹ́ náà. Ní oṣù kejì ọdún 2007, Ofcom fi òfin de gbogbo wọn pé tí oníbàárà bá fẹ́ lọ, kí wọ́n fún un ní kóòdù kan, MAC lorúkọ rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5. Ọjọ́ 30 ni kóòdù náà ń lò. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó kù sí: ẹni tó ni àdéhùn ló ń béèrè kóòdù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé kò ní àdéhùn kankan pẹ̀lú iléeṣẹ́ àná. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, wọ́n mú kóòdù kúrò lórí wáyà tí Openreach ń bójú tó, ìyẹn ẹ̀ka BT tó ń ṣọ́ okùn. Láti ìgbà náà, iléeṣẹ́ tuntun ni oníbàárà ń bá sọ̀rọ̀, òun ni yóò lọ yanjú tó kù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò One Touch Switch, kó lè rí bẹ́ẹ̀ náà fún ẹni tó ń kúrò lórí okùn iléeṣẹ́ kan bọ́ sórí ti òmíràn. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 17 ló gbà láti 2007.

Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Láyé wáyà bàbà, iléeṣẹ́ á béèrè orúkọ ẹni tó gbé ilé náà tẹ́lẹ̀, tàbí nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀, kí wọ́n fi dá okùn mọ̀. Ìgbà tí fibre dé, wọ́n fún àpótí kékeré tó wà lára ògiri ní nọ́ńbà tirẹ̀. Prise terminale optique ni wọ́n ń pè é, PTO ní kúkúrú. Ilé ni nọ́ńbà náà jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ti ayálégbé. Ẹni tuntun á ka nọ́ńbà yẹn fún iléeṣẹ́ tó bá wù ú, wọ́n á sì mọ okùn tí wọ́n ń wá.

Níbi tí a bá a dé yìí, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a rí fà yọ. Okùn jẹ́ ti ilé, àdéhùn jẹ́ ti ènìyàn. Ìgbà tí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀ ni ẹni tó dé lónìí ń ru ẹrù ẹni tó lọ lánàá. Kì í ṣe àánú ló tún un ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó tún un ṣe ni pé wọ́n gbé iṣẹ́ náà kúrò lọ́rùn oníbàárà, wọ́n gbé e lé iléeṣẹ́ tó ń wá owó rẹ̀ lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ tó pàdánù oníbàárà kò kánjú. Èyí tó fẹ́ jèrè ló ń kánjú.

Ẹ má sì rò pé ilé nìkan ló ní ẹni àná. Puce tí à ń rà lọ́jà náà lè ní. Nọ́ńbà tí ẹnì kan kò lò mọ́ fún ìgbà pípẹ́, iléeṣẹ́ lè tún un tà fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin á ṣẹ̀ṣẹ̀ ra puce, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí á máa pè yín pé kí ẹ san gbèsè. Ti WhatsApp ní ìlànà tirẹ̀: tí ẹni àná kò bá lò ó fún ọjọ́ 45, tí ẹ wá ṣí i lórí tẹlifóònù mìíràn, wọ́n á pa ohun tó jẹ́ tirẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ oní-6 tì í, ẹ lè dúró ọjọ́ 7 kí ẹ tó wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ju nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ yọ WhatsApp rẹ̀ kúrò, kó kó owó tó wà lórí tẹlifóònù, kó sì sọ fún báńkì rẹ̀.

Igi gànganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ilé, kí ẹ tó san owó, ẹ bi onílé pé: ta ló gbé ibí kẹ́yìn? Iléeṣẹ́ wo ló ń lò? Ṣé ó ti fòpin sí i? Ẹ wo ara ògiri bóyá àpótí wà níbẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà compteur iná sínú ìwé ilé, kí wọ́n kọ ti íńtánẹ́ẹ̀tì náà síbẹ̀. Tí iléeṣẹ́ bá ní okùn ti dí, ẹ mú contrat de bail yín lọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò ṣeé gbé lọ síbì kankan. Ẹ má san gbèsè ẹni tí ẹ kò mọ̀ torí pé ẹ ń kánjú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó kúrò, résiliation lorúkọ ìwé tí ẹ máa kọ. Ẹ dá ẹ̀rọ wọn padà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí, ẹ fún onílé ní ẹ̀dà kan. Ẹ̀yin onílé, ẹ tọ́jú ẹ̀dà náà. Ilé tí ìwé rẹ̀ mọ́ ni ayálégbé ń tètè gbà.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn nìkan kò tó. ARCEP ni ilé ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn iléeṣẹ́ yìí ní Benin, ibẹ̀ ni ẹjọ́ ń lọ tí iléeṣẹ́ bá kọ etí ikún. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí gbogbo wa máa béèrè: kí ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà okùn tirẹ̀, kí iléeṣẹ́ tuntun ru ẹrù àtitú okùn, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ má sọ pé wọn ò ní gbọ́. Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba fi owó-orí sẹ́fà 5 lé mégabyte kan lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Àwọn ènìyàn pariwo, nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fagi lé e. Fibre ṣì kéré lọ́dọ̀ wa. Ìsinsìnyí tí okùn kò tíì pọ̀ ni ó rọrùn láti kọ orúkọ ilé sára rẹ̀.