Òjò Ibi Tí A Ń Lọ Ni Kí A Bèèrè, Kì Í Ṣe Òjò Ilé Wa



Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa papò dà ní abúlé kan létí odò Ouémé. Ìparí oṣù kẹjọ ni. Àwa ọmọ ẹbí tí a ń gbé ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọ́nu pàdé láti dá ọjọ́ ìsìnkú. A wo ojú ọ̀run, ó mọ́ kedere. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òjò gidi ti rọ̀ kẹ́yìn. A sọ láàrin ara wa pé òjò ti lọ, a sì dá ọjọ́ sí Sátidé tí ó kẹ́yìn nínú oṣù kẹsàn-án.

Nígbà tí ọjọ́ pé, tí a dé etí abúlé, a kò rí ọ̀nà mọ́. Omi ti bò ó. Ọkọ̀ ọpọ́n ni wọ́n fi ń gbé àlejò wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà dojú dé. Ìkòkò ìrẹsì àti ẹja tí àwọn obìnrin fi gbogbo òru sè bá omi lọ. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n omi ti kún inú sàréè tí a gbẹ́, a sì ní láti gbé òkú padà sí ilé ìtọ́jú òkú. Gbogbo owó tí a ná di òfò. Alàgbà kan ní abúlé náà bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: «Kí ni ó dé tí ẹ kò fi bi wá léèrè kí ẹ tó dá ọjọ́?» A kò rí èsì fún un.

Ìbéèrè alàgbà náà ni mo fẹ́ gbé síwájú yín lónìí. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń dá ọjọ́ ìrìn àjò nípa wíwo ojú ọ̀run tí ó wà lókè ilé tiwa. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, a ó ní kò sí ìrìn mọ́. Bí oòrùn bá ń ràn, a ó ní ọ̀nà ti là. Èrò tèmi ni pé àṣà yìí ń pa wá lára. Àwọn baba wa sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a máa wo ojú ọ̀run ibi tí a ń lọ kí a tó gbé ẹsẹ̀.

Bí òjò ṣe ń rìn

Òjò kì í rọ̀ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Oòrùn ni ó ń tẹ̀lé. Láti oṣù kẹta, oòrùn a máa lọ díẹ̀díẹ̀ sí ìhà àríwá, òjò a sì máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí òjò àkọ́rọ̀ fi ń rọ̀ ní Kútọ́nu, ní Àjàṣẹ́ àti ní Lomé kí ó tó múlẹ̀ ní àríwá. Ní oṣù kẹfà ni òjò etí òkun ń pọ̀ jù lọ.

Láti nǹkan bí àárín oṣù keje, òjò ti kọjá lórí wa lọ sí àríwá. Ní Parakou, ní Natitingou àti ní Malanville, oṣù kẹjọ àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni òjò ń lágbára jù lọ. Ní àkókò kan náà, òjò a dá létí òkun, afẹ́fẹ́ a sì tutù. Èyí ni ẹ̀ẹ̀rùn kékeré. Nígbà tí oòrùn bá ń padà sí gúúsù, òjò náà a bá a padà. Òjò àrọ̀kúrò a tún rọ̀ lọ́dọ̀ wa láti nǹkan bí àárín oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kọkànlá.

Nítorí náà, gúúsù ní ìgbà òjò méjì láàrin ọdún kan. Àríwá ní ẹyọ kan, láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá. Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdàáṣà wà láàrin àwọn méjèèjì. Ní ọdún mìíràn, òjò a dá díẹ̀ fún wọn ní oṣù kẹjọ. Ní ọdún mìíràn, kì í dá.

Etí òkun pàápàá kò dọ́gba. Òjò tí ń rọ̀ ní Àjàṣẹ́ láàrin ọdún pọ̀ ju èyí tí ń rọ̀ ní Grand-Popo lọ, bẹ́ẹ̀ ni ti Kútọ́nu pọ̀ ju ti Lomé lọ. Ẹni tí ó bá rò pé òjò etí òkun rí bákan náà láti Àjàṣẹ́ dé Lomé ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Omi tí ń rìn lẹ́yìn òjò

Ohun kan tún wà tí ó ṣòro láti mọ̀ bí a kò bá bèèrè. Òjò lè dá, kí omi má sì lọ. Odò Ouémé gùn ju 500 kìlómítà lọ. Ní àríwá ni ó ti ṣàn wá. Ó gba àárín ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kọjá, odò Okpara sì dà pọ̀ mọ́ ọn kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Òjò tí ó rọ̀ ní agbègbè Parakou ní oṣù kẹjọ ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn ará Bonou àti Aguégués ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Omi náà kò bèèrè bóyá oòrùn ń ràn ní Àjàṣẹ́. Ohun tí ó dé bá ìsìnkú wa nìyẹn. Àwa ń wo òjò Àjàṣẹ́; òjò Parakou ni ó dé bá wa.

Ẹ kò ní tíì gbàgbé ọdún 2010. Ní ọdún náà, àkúnya omi bo ilé àti oko káàkiri, ó sì kan èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú kọmíní 77 tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Òjò kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá rí ni ó ń pa.

Níbo ni kí a lọ, nígbà wo?

Bí ọ̀rọ̀ bá kàn mí, ìmọ̀ràn tí n ó gba ènìyàn nìyí.

Ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, kí ẹni tí kò ní ọ̀ràn kánjúkánjú sún ìrìn àjò rẹ̀ ní gúúsù síwájú, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà erùpẹ̀ ni yóò gbà. Ilẹ̀ dúdú Lama a máa lẹ̀ mọ́ táyà ní àkókò yìí, ọkọ̀ a sì rì. Àríwá sàn díẹ̀, nítorí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra fún ìjì ìrọ̀lẹ́.

Láti ìparí oṣù keje títí dé ìparí oṣù kẹjọ, gúúsù ni kí a lọ. Ooru kò pọ̀, òjò kò wọ́pọ̀, ọ̀nà Kétu àti ti Pobẹ̀ ṣeé gbà. Ìsinmi ńlá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì bọ́ sí àkókò yìí. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní àríwá, àkókò yìí ni kí ẹ rán ọmọ wá kí ìyá àgbà ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní gúúsù, ẹ má ṣe rán ọmọ lọ sí abúlé àríwá tí ọ̀nà rẹ̀ ń gba inú omi kọjá. Kí ọmọ tí ó bá dé Kútọ́nu má sì wẹ̀ nínú òkun: ìgbì ibẹ̀ a máa fa ènìyàn lọ, bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, kí a yẹra fún àwọn abúlé etí Ouémé, àfi bí àwọn ará ibẹ̀ bá ní kí a máa bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ìṣàn omi Kota nítòsí Natitingou lè lọ ní ìparí oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ń lọ tí omi sì ṣì pọ̀. Ní oṣù kọkànlá, àríwá dára púpọ̀: ọ̀nà ti ń gbẹ, ewéko kò tíì rọ, ọyẹ́ kò sì tíì mú.

Èsì fún àwọn tí kò gbà

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní: «Ọjọ́ ọdún wa kò sí lọ́wọ́ wa.» Òtítọ́ ni. Ọdún Nonvitcha ní Grand-Popo kì í kúrò ní àkókò Pẹ́ńtíkọ́sì, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Ọdún iṣu Savalou kì í kúrò ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Àwọn Kátólíìkì a máa lọ sí Arigbo ní Ìdàáṣà nínú oṣù kẹjọ. N kò sọ pé kí a pa ọdún tì. Bí a kò bá lè yí ọjọ́ padà, a lè yí ọ̀nà àti wákàtí padà. Kí a gba ọ̀nà ọlọ́dà, bí ó tilẹ̀ jìn díẹ̀. Kí a gbéra ní òwúrọ̀ kùtù, nítorí ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni ìjì sábà máa ń jà. Kí a fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ ìrìn wa, nítorí a máa ń fi igi dí ọ̀nà erùpẹ̀ fún ọkọ̀ ẹrù lẹ́yìn òjò ńlá.

Àwọn mìíràn yóò ní: «Àwọn baba wa kò bèèrè, wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń lọ.» Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa bèèrè ju tiwa lọ. Wọ́n a máa bi àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti òkè bọ̀ léèrè, wọ́n a bi apẹja, wọ́n a bi darandaran. Àwa tí a ní tẹlifóònù lápò ni a kì í bèèrè. Ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àwọn àgbẹ̀ wa sì ń sọ pé òjò kì í pa àdéhùn mọ́ bíi ti àtijọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe mú àwọn oṣù tí mo kà sílẹ̀ yìí bí òfin. Ẹ fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yín ni.

Ìbéèrè mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta yìí sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn àjò, ẹ fi wọ́n bi ẹni tí ó ń gbé ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún bi í ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ náà.

Èkíní: Ìgbà wo ni òjò ńlá rọ̀ kẹ́yìn lọ́dọ̀ yín?

Èkejì: Ṣé odò yín ń kún ni, tàbí ó ń fà?

Ẹ̀kẹta: Ọ̀nà wo ni àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn oní-zemidjan yín ń gbà lọ́sẹ̀ yìí?

Bí ẹ bá sì dé ibi tí omi ti ń ṣàn lórí ọ̀nà, ẹ dúró. Omi tí ó dé orúnkún, tí ó sì ń sáré, lè gbé àgbàlagbà lulẹ̀, ó sì lè gbé alùpùpù lọ. Ẹni tí ó pẹ́ dé ibi ìsìnkú yóò rí ẹni tí yóò dárí jì í.

Ìyá àgbà wa ti sinmi báyìí. Oṣù kejìlá ni a padà lọ sin ín, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Alàgbà náà ni ó dá ọjọ́ fún wa.