Adájọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè

Sí Olóòtú,

Mo fẹ́ tako ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ níhìn-ín ní Enugu, pé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kóòtù, tí kò sì bèèrè fún ògbufọ̀, ara rẹ̀ ni kó dá lẹ́bi.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Lọ́dún 1983, nínú ẹjọ́ Ìjọba àti Gwonto, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé olùjẹ́jọ́ tàbí lọ́yà rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bèèrè nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ. Tó bá dákẹ́ títí wọ́n fi dá a lẹ́bi, ó ṣòro kó tó fi ìyẹn yí ìdájọ́ padà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Èdè wo ni ẹni tí kò gbọ́ èdè kóòtù máa fi bèèrè? Ẹni tí kò lówó lọ́yà ńkọ́? Abala 36 ìwé òfin 1999 ti ní ọ̀fẹ́ ni ògbufọ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣẹjọ́, àmọ́ ta ló sọ fún un?

Akọ̀wé kóòtù lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Íbò fún ìyá tó wá láti Nkanu. Ọmọ Yorùbá tó ń tajà ní Ọjà Ogbete ńkọ́? Wọ́n á ní ó ṣáà ń fi Íbò nájà. Ẹni tó lè nájà lè má lóye ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i létí, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn kan ṣoṣo lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n! Kí wọ́n má sì fa ẹnikẹ́ni tó jókòó sẹ́yìn kóòtù dìde pé kó wá gbufọ̀. Ta ló máa mọ̀ tó bá ṣì í túmọ̀?

Ẹjọ́ ọ̀daràn nìkan ni ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ ọ̀fẹ́ yìí kàn. Opó tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀, ìyẹn sì dùn mí púpọ̀. Ní ti ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè, òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1978 fún kóòtù ìjọba àpapọ̀ wọn gbé e lé adájọ́ lọ́rùn láti mọ ẹni tó nílò ògbufọ̀.

Níhìn-ín, abala 274 ìwé òfin 1999 fún Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣe ìlànà fún Ilé-ẹjọ́ Gíga. Mo bẹ Adájọ́ Àgbà Enugu, mo sì bẹ àwọn tó wà nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí àwọn Íbò àti Haúsá náà ti ń jẹ́jọ́: kí adájọ́ fúnra rẹ̀ wádìí èdè tí olùjẹ́jọ́ gbọ́ jù lọ kí wọ́n tó ka ẹ̀sùn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìjọba sì sanwó fún ògbufọ̀ tó ti búra.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Maryland, Enugu.